Olúgbódi, pátákò màlúù, ìyẹ́ àdán: ohun kan náà ló wà nídìí wọn

Láàárín àwa ọmọ Yorùbá, tí wọ́n bá bí ọmọ tó ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, orúkọ ti ń dúró dè é kó tó dé ayé. Olúgbódi ni. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé, bí Ìgè tó mú ẹsẹ̀ wáyé, orúkọ àmútọ̀runwá ni.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í parí ọ̀rọ̀. Ìyá ọmọ á máa bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe. Àwọn ará ilé ọkọ á máa wo ara wọn lójú. Ẹlòmíràn á ní èèwọ̀ kan ni obìnrin náà jẹ nígbà tó wà nínú oyún. Kó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹnìkan á ti mú òwú wá, pé kí wọ́n fi so ìka náà pinpin títí tí yóò fi gbẹ, tí yóò sì já bọ́.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wádìí bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ń hù lára ọlẹ̀ inú. Wọ́n wo adìyẹ, wọ́n wo eku, wọ́n wo màlúù, àdán àti ejò. Ohun tí wọ́n rí kan olúgbódi gbọ̀ngbọ̀n: ọ̀nà tí ìka kẹfà gbà ń yọ lọ́wọ́ ọmọ kò jìnnà sí ọ̀nà tí màlúù gbà ní pátákò méjì, tí àbùùbùtán inú òkun sì gbà pàdánù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ lọ wò ó lọ́dọ̀ alápatà

Ẹni tó bá ti kun ewúrẹ́ rí ti fọwọ́ kan ẹ̀rí àkọ́kọ́. Apá ènìyàn ní egungun kan láti èjìká dé ìgúnpá, ó ní méjì láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ó ní àwọn egungun wẹ́wẹ́ ní ọrùn ọwọ́, lẹ́yìn náà ni ìka wá tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn lẹ́sẹ̀ iwájú ewúrẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ibi tí a ń pè ní orúnkún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni. Pátákò rẹ̀, èékánná ni. Ìka méjì ni ewúrẹ́ fi ń rìn. Àwọn méjì kéékèèké tó wà lẹ́yìn pátákò, tí wọn kì í sábà kan ilẹ̀, ìka náà ni wọ́n, wọn ò kàn dàgbà ni.

Ẹlẹ́dẹ̀ ní ìka mẹ́rin lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, méjì ńlá níwájú, méjì kékeré lẹ́yìn. Ẹṣin tí àwọn Bàrìbá ń gùn níbi ọdún Gaani ní Nikki, orí ìka kan ṣoṣo ló dúró lé lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìka àárín. Àdán tó ń jẹ máńgòrò wa lóru kò ní ìyẹ́ bíi ti ẹyẹ. Ọwọ́ ni ìyẹ́ rẹ̀: ìka mẹ́rin tó gùn gbọọrọ, tí awọ nà láàárín wọn, àti àtàǹpàkò kékeré tó fi ń di ẹ̀ka igi mú.

Gbogbo wọn jẹ́ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, gẹ́gẹ́ bí àwa ènìyàn. Àwọn tó ń wa egungun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ ti rí baba ńlá ẹṣin. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 ọdún sẹ́yìn, kò ju ajá lọ. Ìka mẹ́rin ló ní lẹ́sẹ̀ iwájú, mẹ́ta lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Láti ìran dé ìran, ìka ẹ̀gbẹ́ ń kéré sí i, ti àárín ń tóbi sí i, títí ó fi ku ẹyọ kan.

Ta ló wá ń pàṣẹ fún ìka pé kó yọ tàbí kó má yọ?

Akéde inú oyún

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ìwé àjogúnbá kan wà, èyí tí a gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá. DNA ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gùn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Apá tó ń sọ bí ara yóò ṣe ṣe èròjà kan nínú ìwé náà ni à ń pè ní jíìnì.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin tí oyún bá ti dúró, apá máa ń yọ lára ọlẹ̀ bí èhù iṣu. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ náà á yọ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìka ti ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ọdún 1968, àwọn olùwádìí ọmọ Amẹ́ríkà méjì, John Saunders àti Mary Gasseling, ròyìn ohun tí wọ́n ṣe nínú ẹyin adìyẹ. Wọ́n gé bíńtín nínú ẹ̀yìn èhù apá ọmọ adìyẹ kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú èhù apá òmíràn. Ìka mẹ́ta ni apá adìyẹ máa ń ní. Èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn yìí ní ìlọ́po, tó kọjú síra wọn bí ẹni pé a gbé dígí sí àárín. Èyí fi hàn pé ohun kan wà lẹ́yìn èhù náà tó ń sọ fún ìka ibi tí yóò yọ sí.

Ọdún 25 kọjá kí wọ́n tó mọ nǹkan náà. Ní 1993, ẹgbẹ́ olùwádìí tí Clifford Tabin ń darí ní Yunifásítì Harvard fi hàn pé jíìnì kan ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Sonic hedgehog. Hedgehog jẹ́ ẹranko kékeré kan tó ní ẹ̀gún lára bí òòrẹ̀, Sonic sì ni orúkọ irú rẹ̀ nínú eré orí ẹ̀rọ tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn. Wọ́n máa ń gé orúkọ náà kúrú sí Shh.

Ẹ fi Shh wé akéde ìlú. Ẹ̀gbẹ́ kan èhù náà ló máa ń dúró sí, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí ìka tó kéré jù lọ yóò ti yọ, ibẹ̀ ni yóò ti máa lu agogo rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí gbọ́ ọ ketekete, fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ni yóò di ìka kékeré. Àwọn tó jìnnà díẹ̀ gbọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́; wọ́n di ìka mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò kì í gbọ́ ọ rárá. Àwọn àgbà ní ọmọ ìka kò dọ́gba. Agogo akéde yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n dọ́gba.

Ẹni tó ń rán akéde níṣẹ́

Shh kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọpọlọ ń dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró ń hù. Bí jíìnì náà fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, ibi púpọ̀ lára ni yóò bàjẹ́, ọlẹ̀ náà lè má yè. Báwo wá ni ẹsẹ̀ ẹranko kan ṣe ń yí padà tí orí àti inú rẹ̀ kò sì yí padà?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àṣẹ tó ń rán akéde jáde ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí àṣẹ tó ń rán an níbòmíràn. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí ní Edinburgh, ní orílẹ̀-èdè Scotland, tọ́ka sí ibi tí àṣẹ ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà nínú ìwé àjogúnbá. Wọ́n pè é ní ZRS. Kò gùn ju nǹkan bíi lẹ́tà 800 lọ, ó sì jìnnà sí Shh tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 lẹ́tà, bí ọba tó wà láàfin tó ń rán akéde sí òpin ìlú.

Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Japan yọ ZRS kúrò lára eku. Apá àti ẹsẹ̀ eku náà gé kúrú, kò ní ìka tó dáa, bẹ́ẹ̀ ni Shh sì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ibi yòókù lára rẹ̀.

Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú ZRS, akéde lè ṣìnà, kó lọ lu agogo ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò pẹ̀lú. Nígbà náà, ìka mìíràn á yọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí lára àwọn ológbò kan tó gbajúmọ̀ ní Key West, ní Amẹ́ríkà, nínú ilé tí òǹkọ̀wé Ernest Hemingway gbé nígbà kan. Púpọ̀ nínú wọn ní ìka tó ju iye tó yẹ lọ, ìran dé ìran. Irú àyípadà kan náà nínú ZRS wà lára àwọn ìdílé ènìyàn kan tí ìka kẹfà wọn ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò.

Ejò kì í fún ọmọ lọ́mú, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Erè, irú èyí tí wọ́n ń bọ ní Ouidah, ní èékánná bíńtín méjì lábẹ́ ìdí, tó kù lára ẹsẹ̀ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ní. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, mú ZRS ejò, wọ́n fi rọ́pò ti eku. Eku náà kò ní ju kùkùté ẹsẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá lẹ́tà 17 tó ti sọnù nínú ZRS erè padà sí àyè rẹ̀. Ẹsẹ̀ eku hù padà. Nínú ìwé tó gùn tó bílíọ̀nù lẹ́tà, lẹ́tà 17 ló jẹ́ kí eku tún ní ẹsẹ̀.

Màlúù: etí tó di

Ti màlúù gba ọ̀nà mìíràn. Akéde rẹ̀ ń ké dáadáa. Etí tó fi ń gbọ́ ló di. Lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń gba iṣẹ́ tí Shh jẹ́ ń jẹ́ Ptch1. Ní 2014, ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Basel, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, fi èhù ẹsẹ̀ màlúù wé ti eku. Wọ́n rí i pé àṣẹ tó ń tan Ptch1 nínú èhù náà ti rọ lára màlúù. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kò gbọ́ akéde dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì èhù náà kò mọ ìyàtọ̀ ara wọn mọ́. Ìka méjì ti àárín wá dàgbà ní ìbámu. Ìdí nìyẹn tí pátákò màlúù fi là sí méjì tó dọ́gba.

Ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ mìíràn tí Kimberly Cooper wà nínú rẹ̀ rí irú rẹ̀ lára ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò rí i lára ẹṣin àti ràkúnmí. Ní ti àwọn wọ̀nyẹn, ìlà ìka kọ́kọ́ ń lọ bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ máa ń kú, tí ìka ẹ̀gbẹ́ kò fi ní dàgbà. Ìka ẹranko lè dín kù, kó má jẹ́ ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà.

Àdán: awọ tí kò kú

Nígbà tí ọwọ́ ènìyàn ń hù nínú oyún, awọ wà láàárín ìka, bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì awọ náà á kú, ìka á sì yà. Ní 2006, àwọn olùwádìí rí i pé nínú apá àdán, jíìnì kan tó ń jẹ́ Gremlin máa ń ṣiṣẹ́ láàárín ìka, ó sì ń dènà àṣẹ tó yẹ kó pa awọ náà. Awọ náà kò kú, ó di ìyẹ́.

Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà mú àṣẹ kan tó ń tan jíìnì Prx1 lára àdán, wọ́n fi rọ́pò ti eku. Eku kò di àdán, kò sì fò. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá 6 nínú 100. Díẹ̀ ni, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ fi ń di àgbà. Irú àyípadà kéékèèké bẹ́ẹ̀, tó ń gorí ara wọn fún mílíọ̀nù ọdún, ni àwọn onímọ̀ sọ pé ó sọ ọwọ́ di ìyẹ́.

Àbùùbùtán tó ní ẹsẹ̀ ní Togo

Láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá ọdún, àbùùbùtán máa ń kọjá ní etí òkun wa ní Benin. A máa ń pè é ní ẹja, ṣùgbọ́n ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè omi ló sì ń mí. Ẹranko orí ilẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nítòsí wa. Ní ibi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì ní Kpogamé àti Hahotoé, ní Togo, wọ́n rí egungun àbùùbùtán àtijọ́ tó ti lé ní mílíọ̀nù 40 ọdún. Ní 2014, Philip Gingerich àti Henri Cappetta fún un ní orúkọ: Togocetus, ìyẹn àbùùbùtán ilẹ̀ Togo. Ó wà nínú ìdílé àwọn àbùùbùtán àtijọ́ tó ṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, bí a ṣe rí i lára egungun àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n wà jáde ní Pakistan.

Níbo ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà wá lọ? Ní 2006, Hans Thewissen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọlẹ̀ dọ́lífìn wò, ìbátan àbùùbùtán. Èhù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yọ lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń yọ lára ọlẹ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n Shh kò jáde níbẹ̀. Akéde kò ké, èhù náà sì rọ, ó pòórá.

Olúgbódi kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó ní ìka mẹ́fà. Ní àárín àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ̀gbẹ́ ìka tó kéré jù lọ ni ìka kẹfà sábà máa ń yọ sí, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wa ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ní Amẹ́ríkà, ó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Kì í ṣe ZRS ló ń fa irú èyí. Ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí wọ́n mọ̀ pé ó lè fà á ni GLI3, tó ń mú iṣẹ́ tí Shh jẹ́ dé inú sẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ìdílé kan náà ni wọ́n: akéde, ẹni tó rán an, etí tó gbọ́ ọ, àti ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà wọlé.

Ìdí nìyí tó fi ń rìn nínú ìdílé. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní i, ọmọ lè jogún rẹ̀. Ó tún lè fo ìran kan, kó wá yọ lára ọmọ-ọmọ, nítorí ẹlòmíràn ní àyípadà náà nínú ìwé àjogúnbá rẹ̀, kò sì hàn lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó bú ìyàwó ilé, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ìdílé méjèèjì léèrè. Kì í ṣe oúnjẹ tó jẹ ló fà á. Kì í ṣe ẹranko tó rí lójú ọ̀nà.

Ní ti òwú: ó yẹ ká ṣọ́ra. Ìka kékeré tó kàn so rọ̀ láìní egungun lè dà bí ohun tó rọrùn láti so, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà, kòkòrò àrùn lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé, kókó tó ń dun ọmọ sì lè kù síbẹ̀. Èyí tó ní egungun nínú nílò iṣẹ́ abẹ. Ìdí mìíràn tó fi yẹ kí dókítà rí ọmọ náà ni pé nígbà mìíràn, tí kò wọ́pọ̀, ìka kẹfà máa ń bá àìsàn ọkàn tàbí ti kídìnrín rìn. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sí ohun mìíràn tó ń ṣe wọ́n. Àyẹ̀wò ló máa fi ọkàn òbí balẹ̀.

Ohun kan tún wà tó kan àwọn aboyún. A ti rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń hù. Ní àsìkò yẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Láti 1957 ni wọ́n ti ń ta oògùn kan tó ń jẹ́ thalidomide ní Jámánì, lẹ́yìn náà ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn aboyún ń lò ó nítorí èébì òwúrọ̀. Kí wọ́n tó dá títà rẹ̀ dúró ní 1961, ó ti ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tó lé ní 10 000 jẹ́ nínú oyún. Jíìnì àwọn ọmọ wọ̀nyẹn dá pé. Oògùn ló da àṣẹ inú oyún rú. Nítorí náà, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá pẹ́ kí ó má ra oògùn lórí àtẹ láìbi agbẹ̀bí tàbí dókítà.

Èyí wà níkàáwọ́ wa, ìka kẹfà kò sí níkàáwọ́ ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá bí olúgbódi ládùúgbò yín, ẹ kí ìyá rẹ̀ kú ewu, ẹ sọ ọmọ lórúkọ tó bá a wá, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn kí ẹnikẹ́ni tó mú òwú.